Nọ́ńbà Mọ́kànlélógójì

Dezső Halmos fi owó oṣù tó tó ìlọ́po mẹ́ta tiwa sílẹ̀ ní Austria, ó padà sí Nyíregyháza, ìlú wa, wá fẹ́ Ilka Bodnár.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ló kọ́kọ́ rí i, ọjọ́ tí ọkùnrin ń da omi sára obìnrin nílùú wa. Garawa omi tó gbé de ìbátan rẹ̀ ló dà lé Ilka lórí. Omi ń kán nímú rẹ̀, kò sá.

"Ṣé o ò ríran ni?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ríran báyìí ni."

"Ẹlẹ́nu dídùn! Gba ẹyin rẹ, kó o máa lọ." Ẹyin pupa la fi ń san oore omi.

Ilé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa wà. Wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun là ń wé, fún rédíò ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní ẹ̀ka ní Graz, ní Austria, níbi tí owó ti pọ̀. Ìfẹ́ ti wọ àárín àwọn méjèèjì nígbà tí Dezső fẹ́ gba ibẹ̀ lọ.

"Tẹ̀ lé mi, olólùfẹ́."

"Ta ni yóò máa gbé ìyá mi dìde? Tí owó ibí bá gòkè, kó o padà wá. Má wá káàánú mi."

Graz là ń kó iṣẹ́ wa lọ. Ìwé pélébé tó ní nọ́ńbà ẹni tó wé e máa ń wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlélógójì ni ti Ilka. Dezső ń wá a, ó ń kó o sápò àyà.

"Ọwọ́ rẹ dé ọ̀dọ̀ mi lánàá," ló máa ń sọ lórí fóònù.

"Ṣé ó kí ọ dáadáa?"

"Ó kí mi. Ẹni tó ni ín ló kù."

Ọdún mẹ́rin kọjá. Owó wa ń gòkè díẹ̀díẹ̀, inú Ilka sì ń dùn: "Ó ti ń bọ̀ nìyẹn." Àfi bí àwọn ọ̀gá ṣe ní a ti wọ́n jù. Wọ́n kó iṣẹ́ wáyà lọ sí Serbia, wọ́n dá wa dúró. Ilka ò sọ fún Dezső.

Ní Graz, ìwé tó ní nọ́ńbà mọ́kànlélógójì kò dé mọ́. Èdè Serbia ló wà lára gbogbo páálí. Dezső wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ náà.

"Owó gòkè, ó sì lé wa jáde," ni Ilka wí lẹ́nu ọ̀nà. "Máa padà lọ."

Dezső da àwọn ìwé náà sórí tábìlì, ó yíjú sí ibùsùn ìyá Ilka. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́mọ yín."

"Ṣé garawa lo tún gbé wá?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Wọlé, kó o ti ilẹ̀kùn."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kẹfà. Dezső ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì. Ọdún mọ́kànlá ni Ilka fi wé wáyà. Tó bá jókòó, ìka rẹ̀ ṣì ń yí lórí itan rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń fẹ́ iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.