Ilé Yín Rèé, Bàbá

Àárọ̀ Sátidé ni. Onídìrí gbé oògùn ìyá rẹ̀ dání, ó ń kọrin jẹ́jẹ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀ ilé tó rà fún àwọn òbí rẹ̀, orin náà sì kú mọ́ ọn lẹ́nu. Àbúrò rẹ̀, Káfíńtà, wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi téèpù wọn ilẹ̀. Pákó fara ti ògiri. Wọ́n ti gbé àga ìyá wọn síta.

"Kí lò ń wọ̀n?"

"Mo fẹ́ dá pálọ̀ sí méjì. Ayálégbé kan ń bọ̀." Kò gbójú sókè.

"Ta ló fún ẹ láṣẹ?"

"Bàbá ti kú. Ilé bàbá, ti gbogbo ọmọ ni. Àbí ẹ̀yin nìkan ni wọ́n bí, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ilé bàbá wo? Orúkọ ta ló wà lórí ìwé?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kó kọ́kọ́rọ́ fún Bàbá, ẹ kúnlẹ̀ níbí yìí. Ẹ ní, 'Bàbá, ilé yín rèé.' Gbogbo ẹbí gbọ́. Irun lẹ mọ̀ ọ́n dì, ẹ ò lè di ẹnu gbogbo wa."

Òótọ́ ni, ó kúnlẹ̀. Ọmọ wo ló máa dúró gbagidi níwájú bàbá rẹ̀, táá ní, "Ilé mi nìyí, ẹ kàn máa gbé e"? Ojú tì í láti sọ ọ́. Látọjọ́ náà, bí àlejò bá dé, "ilé mi" ni Bàbá ń pè é. Onídìrí á kàn rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni mo sọ."

"Ẹ̀bùn lẹ fún wọn. A kì í fúnni ká tún gbà á padà."

"Gbé pákó ẹ jáde!"

"Mi ò gbé e. Ìwọ ni kó o jáde."

Àbúrò ti pe ẹ̀gbọ́n ní ìwọ. Ó parí.

Ohùn ìyá wọn jáde láti yàrá: "Mò ń gbọ́ yín o. Mi ò tíì kú."

Àwọn méjèèjì ṣì ń pariwo mọ́ra wọn.

Ní Mọ́ńdè, Onídìrí lọ bá lọ́yà. Lọ́yà náà, obìnrin ni, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó yẹ ìwé ilé wò.

"Ìwé yín dáa. Ṣùgbọ́n àbúrò yín á kó ẹlẹ́rìí wá pé ẹ ti fi ta bàbá yín lọ́rẹ. Adájọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ tọ̀tún-tòsì. Ó lè pẹ́."

"Kí ni mi ò ṣe?"

"Ẹ ò sọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á, ẹ̀ bá pe òbí àti àbúrò yín jókòó, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i pé: 'Tèmi ni ilé yìí. Bàbá àti Ìyá á máa gbé ibẹ̀ títí ẹni tó gbẹ̀yìn nínú wọn á fi kú. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ gbé e fún ayálégbé, kò gbọdọ̀ fi yáwó nígbà tí wọ́n wà láàyè. Èmi náà ò gbọdọ̀.'"

"Èmi náà kẹ̀?"

"Ẹ̀yin gan-an. Ṣé ẹ kọ ìwé ìhágún?"

"Rárá."

"Ká ní ẹ̀yin lẹ kú ṣáájú wọn ńkọ́? Àwọn tó máa jogún yín lè lé wọn síta."

"Kí ló wá kù?"

"Ìyá yín. Ẹ̀rí wọn ló máa wúwo jù."

Ó lọ bá ìyá rẹ̀ pé kó wá jẹ́rìí ní kóòtù. Màmá gbọ́ ọ tán.

"Tí mo bá ní ilé rẹ ni, mo pe àbúrò rẹ lólè. Tí mo bá ní ilé bàbá rẹ ni, mo pe ìwọ ní òpùrọ́. Inú kan náà ló bí yín. Mi ò lọ."

"Màámi, wọ́n á lé yín jáde o."

"Ta ni 'wọ́n'? Ṣebí ẹ̀yin náà ni."

Káfíńtà dá ògiri pákó náà. Onídìrí kó àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n fọ́ ọ. Ìjà bẹ́, orí fọ́ pẹ̀lú, ọlọ́pàá dé. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, adájọ́ ní kí wọ́n ti ilé náà pa, kí ẹnikẹ́ni má gbé ibẹ̀ títí ìdájọ́ á fi wáyé. Ẹnikẹ́ni. Ìyá wọn náà wà lára ẹnikẹ́ni yẹn.

Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí Onídìrí háyà, ni Màmá wà báyìí. Látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e gòkè, kò tíì sọ̀kalẹ̀. Káfíńtà máa ń wá kí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti lọ síbi iṣẹ́. Màmá ń dáhùn ìkíni àwọn méjèèjì. Kò bá wọn sọ nǹkan mìíràn.

Ìwọ tó ń ka èyí, bó o bá ti ra ilé fún òbí rẹ ní orúkọ ara rẹ, o ṣeun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kù. Pe àwọn ọmọ ìyá rẹ nígbà tí inú ṣì dùn. Sọ ẹni tó ni ilé lójú òbí rẹ. Fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n sọ ọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀, kọ ìwé ìhágún rẹ pẹ̀lú, kó o sì mú un lọ bá lọ́yà ìlú rẹ, torí òfin ò rí bákan náà níbi gbogbo. Ìtìjú rẹ̀ kò ju ti ọjọ́ kan lọ.

Ẹjọ́ ilé lè dúró de ọdún. Arúgbó ò lè dúró de ẹjọ́.