Ọkọ Mi Rẹ Omi Láró

Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ tútù tètè gba ibòmíì lọ.

Ọjọ́ Sátidé ni. Mo ti fọ aṣọ funfun àwọn ọmọ, mo ti ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, ó ku kí n fi búlúù sí omi ìkẹyìn. Mo na ọwọ́ sórí pẹpẹ, mi ò bá búlúù. Páálí kan gbáko ni mo rà, kò ku ẹyọ kan ṣoṣo.

"Ta ló kó búlúù mi?"

Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọbìnrin ọlọ́dún méje, yọ orí láti ẹ̀yìnkùlé. "Bàbá ni. Wọ́n ń dà á sí adágún."

Mo sáré jáde. Mo bá olówó orí mi tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tó ń fi igi gígùn po omi adágún ìwẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí omi náà ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ilé tí a kó sí lọ́dún tó kọjá ní adágún ìwẹ̀ kékeré kan lẹ́yìnkùlé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọkọ mi pa pọ́ǹpù tó ń fa omi gba inú asẹ́, ó ní ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ìròyìn. Òjò rọ̀, oòrùn ràn. Omi kọ́kọ́ ṣe bàìbàì, ó wá di aláwọ̀ ewé, ara ògiri rẹ̀ sì ń yọ̀ bọ̀rọ́. Mo ní ká pe Màmá Olómi, ìyá àgbà tó ń tọ́jú adágún ilé mẹ́ta ládùúgbò wa. Ọkọ mi ní kí ni òun fẹ́ fi í ṣe. Kò sí iṣẹ́ tí ọkọ mi ò mọ̀, lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí àwọn aládùúgbò fi ń pè é ní Ògbóǹtarìgì, òun sì rò pé oríyìn ni.

"Bàbá wọn, kí lẹ ń ṣe yìí?"

"Àwọn ará ọ́fíìsì mi ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ṣé etí omi aláwọ̀ ewé ni kí n ti gbà wọ́n lálejò?"

"Ẹ wá ń da búlúù aṣọ sí i?"

"Ó ń sọ aṣọ tó pọ́n di funfun. Kí ló ní kó má tún omi ṣe? Ṣebí ìwọ lo máa ń yìn ín!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Omi ń ṣàìsàn, ẹ ń kun àtíkè fún un!"

"Ìyá wọn, lọ sá aṣọ rẹ."

Mo sì lọ sá aṣọ mi. Ẹ bá mi gbọ́ nǹkan. Mo lọ lóòótọ́.

Àlejò márùn-ún dé ní aago mẹ́rin, méjì nínú wọn mú ọmọ kọ̀ọ̀kan dání. Omi ti di búlúù lóòótọ́, ó ń dán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ ò ní rí ìka yín mọ́.

"Ọ̀gá, omi yìí mà rẹwà o! Bíi ti òtẹ́ẹ̀lì!" Ọ̀kan nínú wọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni," ni ọkọ mi dáhùn, ó ń wú bíi búrẹ́dì.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo wo ojú àlejò, mo ní kí n má dójú ti ọkọ mi láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sómi, tèmi wà níbẹ̀, mo sì gbé ẹnu mi dákẹ́. Títí di òní, ẹnu tí mo gbé dákẹ́ yẹn ló ń bí mi nínú ju búlúù lọ.

Mo wọlé lọ gbé omi mímu. Nígbà tí mo jáde, mo ka orí ọmọ tó wà lójú omi. Méjì ni.

"Ọmọ mi dà?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní, "Ó ní òun fẹ́ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀."

Àgbàlagbà mẹ́fà ló dúró yí adágún yẹn ká, adágún tí kò fẹ̀ ju pálọ̀ wa lọ. Gbogbo wọn la ojú sílẹ̀, ẹnì kankan ò rí nǹkan kan. Ọkọ mi kàn ń sáré láti igun kan dé ìkejì, ó ń pe ọmọ.

Mo bẹ́ sínú omi tòun taṣọ. Omi dé àyà mi. Mo ń fi ẹsẹ̀ tọ ilẹ̀ wò, ilẹ̀ ń yọ̀, mo ṣubú, mo dìde. Ẹsẹ̀ ni mo fi rí ọmọ mi, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ tí mo bí!

Ọlọ́run ló yọ wá pé awakọ̀ ọ́fíìsì wọn, ọ̀kan nínú àlejò márùn-ún náà, ti kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó ń tẹ àyà rẹ̀ lẹ́raléra, títí ọmọ fi wúkọ́, tó bi omi jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò nílé ìwòsàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wálé wá mú aṣọ rẹ̀, mo bá Màmá Olómi, tí ọkọ mi ti lọ pè, létí adágún. Ojú rẹ̀ le koko.

"Ta ló da aró sómi yìí?"

Ọkọ mi na ìka sókè bí ọmọ iléèwé. "Àwọ̀ rẹ̀ ni mo rò pé ó bàjẹ́, ìyá."

"Bí ibà bá mú ọmọ, ṣé òógùn ara rẹ̀ nìkan lẹ ó máa nù?" Ó fi èékánná ha ògiri lábẹ́ omi. "Ẹ fọwọ́ kàn án. Ó ń yọ̀, ó sì ń tú bí èéfín. Ewéko omi ni, wẹ́wẹ́ báyìí, ó ń bí sí i lójoojúmọ́. Ká ní ó ń ha ọwọ́ tó sì tètè rì, iyanrìn ni. Ká ní omi mọ́ gaara tí ògiri ò yọ̀, àmọ́ tó ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé, irin tàbí bàbà tó yọ́ sómi la ó fura sí. Oògùn wọn ò dọ́gba."

Ó ki bébà àyẹ̀wò bọ omi, ó fi hàn wá. "Kò sí kílórínì tó ń pa ewéko níbí rárá. Ẹ sì pa pọ́ǹpù. Ewéko ti rí ilé gbé."

"Kí n da kílórínì sí i kíá?"

"Ẹ rọra! Kíkan omi, ìyẹn bí áásìdì inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, la ó kọ́kọ́ tún ṣe, torí bí kò bá wà níwọ̀n, kílórínì ò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ògiri, àtẹ̀gùn àti gbogbo kọ̀rọ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, a ó da kílórínì sí i, torí oòrùn a máa jẹ ẹ́. Iye tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀ ni o, kì í ṣe iye tí ọkàn yín bá sọ. Pọ́ǹpù ò ní sinmi tọ̀sán-tòru, a ó sì máa fọ asẹ́, torí búlúù yín ti dí i."

"Mo ní áásìdì nílé. Bí mo bá pò ó mọ́ kílórínì ńkọ́, kó lè yára?"

Èmi ni mo pariwo. "Ẹ kúkú pa wá tán!"

"Èéfín rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pa òun fúnra rẹ̀," ni Màmá Olómi wí. "Wọn kì í pàdé nínú ike kan láéláé."

Ó gbà wá ní ọjọ́ márùn-ún. Ìgbà yẹn ni ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ adágún tó hàn kedere, tí bébà àyẹ̀wò sì sọ pé omi ti dáa fún ìwẹ̀. Ọkọ mi gbé ọmọ lọ síbẹ̀ lọ wò ó.

"Wò ó, omi ti mọ́."

Ọmọ bẹjú wo omi. Ó ní, "Bàbá, lọ́jọ́ yẹn, mo na ọwọ́ sókè sí yín. Mo ń gbọ́ ohùn yín. Ṣé ẹ ò rí ọwọ́ mi ni?"

Ògbóǹtarìgì gbé ọmọ kalẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Mi ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ẹ̀yin tí ẹ ní adágún ìwẹ̀ nílé, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ fi bébà yẹ omi wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti lẹ́yìn òjò ńlá. Bí ògiri bá ń yọ̀ tàbí tí omi yí àwọ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é kí ẹ tó da ohunkóhun sí i, ẹ má sì po oògùn kan mọ́ òmíràn. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìtìjú ò sí níbẹ̀. Bí ọmọ bá wà lómi, kí àgbàlagbà kan máa wò ó láìyẹ ojú.

Bí ẹ bá dúró létí omi tí ẹ ò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ lé wọn kúrò, kódà bí ọkọ yín bá ń ranjú mọ́ yín. Àlejò tó bá bínú lọ lè padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ọmọ tí ẹ ò bá tètè rí lábẹ́ omi kì í padà wá.