Àwọn Tó Dúró Nídìí Ìsun Omi

Àwọn ajá ló kọ́kọ́ fura. Ní Hoyalba, ìlú kékeré kan lórí òkè, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, bí oòrùn bá ti mú tán, ìdí ìsun omi ìsàlẹ̀ ìlú ni wọ́n máa ń nà gbalaja sí, lórí òkúta tútù, bí ẹni pé baba wọn ló ni ibẹ̀. Lọ́dún tí à ń wí yìí, kò sí èyí tó débẹ̀ mọ́. Wọ́n á máa bọ̀ láti òkè, wọ́n á dé iwájú ilé búrẹ́dì Fermina, wọ́n á dúró, wọ́n á gbé imú sókè, wọ́n á sì ki ìrù bọ itan, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé yà lọ.

Casilda rí wọn, kò kà á sí. Ọwọ́ rẹ̀ dí. Òun ló ń fi ìlú han àwọn àlejò tí bọ́ọ̀sì ń kó wá láti ìlú ńlá Salamanca, ẹnu rẹ̀ sì dùn fún iṣẹ́ náà. Ilé olódi àti àgbélébùú olókùúta tó wà láàárín ọjà ò jọ ọ́ lójú, nítorí gbogbo ìlú orí òkè wọ̀nyẹn ló ní irú wọn, wọ́n sì ti wà nínú fóònù gbogbo ayé. Ohun tí kò sí nínú fóònù ni Casilda fi ń pe èèyàn: ọpọ́n tí àwọn ará ìgbàanì gbẹ́ sínú àpáta láti máa fẹsẹ̀ tẹ èso àjàrà, ilé ìdáná kan tí itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ṣì ń gbẹ lókè èéfín rẹ̀, ilé àdúrà kékeré kan nínú igbó, níbi tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kọ́lé sí àtẹ́lẹwọ́ ère ẹni mímọ́. “Ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní fi hàn yín rèé o,” á wí, á sì rẹ ohùn sílẹ̀, gbogbo wọn á sún mọ́ ọn bí adìyẹ tó rí àgbàdo.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́ jù lọ ni ti agogo.

Àṣà Hoyalba ni pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, obìnrin kan á wọ aṣọ dúdú, á mú agogo kékeré lọ́wọ́, á máa yí ìlú ká. Ní oríta kọ̀ọ̀kan á dúró, á lu agogo, á sì gbàdúrà sókè fún àwọn òkú ìlú, pàápàá àwọn tí kò ní ẹni tó ń rántí wọn mọ́. Ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ló ti máa ń parí rẹ̀, níbi tí agbárí méjì tó ti pọ́n bíi wàràkàṣì àtijọ́ wà nínú ihò lẹ́yìn irin. Ibẹ̀ ni á ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: “Ẹ wọlé, ẹ sinmi. Ilẹ̀kùn ti tì.” Òjò ì báà rọ̀, yìnyín ì báà bọ́, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí wọn kì í ṣe é.

Obdulia, ẹ̀gbọ́n ìyá Casilda, ló ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí Casilda sáyé. Òun náà ló tọ́ Casilda dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, Màmá sì ni Casilda ń pè é. Nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ọdún náà ni ẹsẹ̀ màmá yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, egungun ìbàdí sì ṣẹ́. Látorí ibùsùn ló ti gbé agogo náà lé ọmọ lọ́wọ́.

“Títí n ó fi lè dìde ni o,” ló wí. “Kó o sì rọra máa rìn. Ìwọ yìí, gbogbo ìgbà lò ń rìn bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná tó gbàgbé.”

“Màmá, mo ti gbọ́. N ó máa rìn bí ìgbín.”

“Ìgbín wo? Ewúrẹ́ ni ẹ́.”

Ó ṣe é dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn dé, bọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì, nígbà tí ilẹ̀ bá sì fi máa ṣú, ẹsẹ̀ Casilda á ti wú. Ló bá dá ọgbọ́n kan. Ó fi agogo kún ìrìn àwọn àlejò, lọ́sàn-án gangan. Inú wọn dùn, àwọn mìíràn tiẹ̀ sunkún. Àmọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì kì í fẹ́ dúró. Ìdí ìsun omi ló máa ń páàkì sí, á sì máa fun fèrè. Bí Casilda bá ti dé ibẹ̀, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lókè lọ́hùn-ún, á lu agogo kan, á tẹrí ba, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì. Lálẹ́, á ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, oorun á sì gbé e lọ lórí àga. Agogo kan náà ni, àdúrà kan náà ni, ló ń sọ fún ara rẹ̀. Ta ni wákàtí ń pa lára?

Ní ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan tó dé fìlà koríko jókòó sórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ó ń mí gúlegúle. Ó fọwọ́ pe Casilda.

“Ọmọ mi, ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí àwọn yẹn náà wọlé ni?”

“Àwọn wo, bàbá?”

“Àwọn tó ń tẹ̀ lé wa bọ̀ látòkè. Ìdúró yẹn ti pọ̀ jù fún wọn. Èyí ọ̀hún tiẹ̀ gbọ́mọ dání.”

Casilda yíjú. Omi ń kán sínú ọpọ́n òkúta. Kò sí èèyàn. Afẹ́fẹ́ kan tó tutù fẹ́ láti ibẹ̀ wá kàn án lọ́rùn, nínú oòrùn tó lè dín ẹyin.

“Ará ìlú ni wọ́n, bàbá. Ẹ má da tiwọn rò.”

“Ẹ̀hẹ́n,” ni bàbá wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Ló fi jẹ́ pé agogo ọwọ́ rẹ ni gbogbo wọn ń wò.”

Wọ́n gbé bàbá náà wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n sì lọ. Casilda ò jẹun alẹ́ dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Fermina dá a dúró níwájú ilé búrẹ́dì. Obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bó bá ń kí èèyàn, òkè kejì á gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ọwọ́ ń sùn nítòsí rẹ̀.

“Ìyẹ̀fun mi ò wú mọ́, Casilda. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn! Bí mo bá ń pò ó, ọwọ́ mi á máa kú bíi ti ìgbà yìnyín. Wá wo nǹkan.”

Ó fa Casilda lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ipa ẹsẹ̀ wà lórí òkúta ojú pópó, ẹsẹ̀ lásán, ó tutù fún omi. Ẹsẹ̀ àgbà wà níbẹ̀, tọmọdé wà níbẹ̀. Láti ìdí ìsun omi ni wọ́n ti wá, gbogbo ọmọ ìka wọn ló kọjú sókè, síhà ṣọ́ọ̀ṣì. Níwájú ilé Fermina ni wọ́n ti dáwọ́ dúró. Kò sí èyí tó kọjá ibẹ̀, kò sì sí èyí tó padà.

“Àràárọ̀ ni mò ń nù ún,” ni Fermina wí. “Kí lo ṣe, ọmọ yìí?”

Casilda yí padà níbẹ̀. Ilé Màmá Obdulia ló gbà lọ, ó gbé ọbẹ̀ aáyù dání bí ẹni tó kàn wá kí aláìsàn.

Màmá ti rù. Ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ìsun omi, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sì wà lára ògiri. Kò wo ọbẹ̀.

“Mo rò pé orí mi ló ń dàrú,” ló wí. “Mò ń gbọ́ agogo lọ́sàn-án. Bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, n ò ní gbọ́ nǹkan kan. Casilda, níbo lo ti ń parí ẹ̀?”

“Màmá...”

“Níbo?”

“Nídìí ìsun omi.”

Màmá na ìka sí fèrèsé.

“O rò pé àdúrà nìkan ni? Agogo yẹn ló ń jí wọn. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, àwọn kan á jáde, wọ́n á tẹ̀ lé ẹni tó mú agogo, títí á fi sìn wọ́n délé. O jí wọn sójú ọ̀sán, o já wọn sílẹ̀ sójú títì. Wò wọ́n.”

“N ò rí nǹkan kan, Màmá.”

“Mo mọ̀. Èmi rí wọn.”

Casilda rántí bàbá onífìlà koríko, bó ṣe ń mí bí ẹni tó ti sún mọ́ ikú. Ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ọwọ́ màmá, ọwọ́ náà fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ.

“Kì í ṣe ikú ló ń bà mí lẹ́rù,” ni Obdulia wí. “Mo ti gbó tó ẹni tó ń kú. Àwọn òkú àtijọ́ mọ ọ̀nà, bí wọ́n bá ti rí agogo tẹ̀ lé, wọ́n á délé. Òkú tuntun ò mọ̀ ọ́n. Bí kò bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kú, ibi tí agogo bá já a sí ni yóò máa dúró. Gbogbo ayé mi ni mo fi sin àwọn èèyàn délé, Casilda. N ò fẹ́ dúró síta bí ajá tí kò lólúwa.”

“Ẹ ò ní dúró síta, Màmá. Mo búra.”

“Lọ kó wọn wọlé nírọ̀lẹ́ òní. Ìwọ nìkan. Wọ́n á pè ẹ́ o, ohùn tó o mọ̀ ni wọ́n á fi pè ẹ́. Má dáhùn. Má bojú wẹ̀yìn. Kó o sì má sáré, jọ̀ọ́. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò dáa wà nínú wọn.”

Nígbà tí ojú ọ̀run pọ́n lẹ́yìn òkè, Casilda wọ aṣọ dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ láti oríta òkè pátápátá. Ó lu agogo, ó gbàdúrà. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ní oríta tó tẹ̀ lé e, ó gbọ́ ìró kan lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí aṣọ ń wọ́ nílẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ìró náà ń pọ̀ sí i. Ẹnì kan ń húkọ́. Ọmọdé kan ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n sì ní kí ó dákẹ́. Òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ gba afẹ́fẹ́ kan. Gbogbo fèrèsé ìlú ló wà ní títì, ó sì dá Casilda lójú pé lẹ́yìn wọn, gbogbo èèyàn ló ń mí díẹ̀díẹ̀.

Ó rọra ń rìn. Ìyá rẹ̀ pè é, ìyá tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti kékeré, ó pè é pẹ̀lú orúkọ ilé. Omijé ń dà lójú Casilda, kò dáhùn.

Ó dé ìdí ìsun omi. Òtútù ibẹ̀ wọ inú egungun rẹ̀. Ó lu agogo, ó gbàdúrà, ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn àwọn tí ó ti rẹ̀. Ó yí sókè síhà ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà náà ni ohùn kan pè é láti ẹ̀yìn pátápátá.

“Casilda. Dúró dè mí. Ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

Ohùn Màmá Obdulia ni. Casilda sì mọ̀ pé màmá wà lórí ibùsùn, òun fúnra rẹ̀ ló bo aṣọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tó fi í sí ìkáwọ́ Fermina kí ó tó jáde. Wọ́n ti jí ohùn alààyè gbé, ló rò.

“Rọra, ewúrẹ́ yìí. Dúró dè mí.”

Ọ̀pá ń kan òkúta: kó, kó, kó. Ẹ̀rù ba Casilda. Kò dáhùn, kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ó yá sí i, nígbà tí yóò sì fi rí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, eré ló ń sá. Ìró ọ̀pá náà ti jìnnà sẹ́yìn. Atẹ́gùn tútù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sínú ihò agbárí, ó pẹ́ kí ó tó tán. Bó ti tán báyìí, ó kígbe ọ̀rọ̀ náà: “Ẹ wọlé, ẹ sinmi. Ilẹ̀kùn ti tì.”

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ fún màmá pé òun ti ṣe é.

Fermina ló bá lẹ́nu ọ̀nà ilé màmá, ó ká ọwọ́ lérí.

“Mò ń bọ̀ wá pè ẹ́,” ni Fermina wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Ìgbà tó o lu agogo nídìí ìsun omi ni Màmá mí èémí ìkẹyìn. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, ‘Ó ti dé. Mò ń bọ̀.’”

Casilda wo ara ògiri lẹ́yìn ibùsùn. Ọ̀pá ìtilẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Nídìí ìsun omi ni wọ́n ti rí i láàárọ̀, ó fara ti ọpọ́n òkúta, ìdí rẹ̀ tutù.

Wọ́n ti sin Obdulia tipẹ́. Casilda ò fi agogo kún ìrìn àwọn àlejò mọ́, bí wọ́n bá bi í, á ní kò sí nǹkan tó pamọ́ ní Hoyalba. Ìyẹ̀fun Fermina ti ń wú. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, bí Casilda bá ti dé ìdí ìsun omi, á lu agogo, á dúró, kò ní yára. Á gbọ́ ohùn náà lẹ́yìn rẹ̀: dúró dè mí. Á ní, “Mo ti dúró, Màmá. Ẹ máa bọ̀.” Ọ̀pá á kan òkúta, kó, kó, kó, kò ní sún mọ́ ọn, kò sì ní jìnnà sí i, títí òkùnkùn á fi bo ojú pópó.

Àwọn ajá ṣì ń gba ẹ̀yìnkùlé Fermina.