Ohùn tí a pè sí Láwàl lẹ́nu

Ojúmọmọ ni nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀, oòrùn ti mú, mo sì ti mu tíì mi tán. Mi ò sùn, mi ò lálàá, ibà ò ṣe mí. Bí ẹnì kan bá ní irọ́ ni mò ń pa, mi ò ní bá a jà. Ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún mi ni, èmi gan-an ni ǹ bá kọ́kọ́ pè é lópùrọ́.

Èmi ni olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní yunifásítì wa. Iṣẹ́ wa ni láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń ran ẹni tí ọ̀rọ̀ há mọ́ lẹ́nu lọ́wọ́: akólòlò, ọmọ tí kò tètè fọhùn, àgbàlagbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Fìdítì ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Ìlọrà ni ilé ìtọ́jú wa wà, ilé oníyàrá mẹ́rin kan tí a háyà. Àwọn ará àdúgbò máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni tíṣà tó ń kọ́ àgbà ní à-bí-dí. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún yìí, àwọn aṣàyẹ̀wò ń bọ̀ láti Àbújá. Bí wọn ò bá rí aláìsàn kan tí a lè nawọ́ sí pé iṣẹ́ wa ló mú un sọ̀rọ̀, wọ́n á ti ẹ̀ka náà pa. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa fún oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ka ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Láwàl ni, àti ti Àwẹ̀ní ìyàwó rẹ̀.

Láwàl ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní káńsù kó tó fẹ̀yìn tì sí Akínmọ̀ọ́rìn. Àrùn rọpárọsẹ̀ pa á lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Fún oṣù mọ́kànlá ni Àwẹ̀ní fi ń gbé e wá lórí ọ̀kadà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ọkọ láàárín, òun lẹ́yìn, á fi ìborùn dè é mọ́ra kó má baà ṣubú. Ohun tó ń jáde lẹ́nu Láwàl kò ju "hẹn" lọ. Bí ebi bá ń pa á, hẹn. Bí inú rẹ̀ bá dùn, hẹn.

"Dókítà," Àwẹ̀ní sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kó ṣáà pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan."

Mo ní yóò pè é. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í ṣèlérí fún aláìsàn. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣèlérí.

Ọ̀nà tí à ń gbà ṣiṣẹ́ náà rèé. Ẹni tí kò lè bèèrè omi lè parí orin. Ẹni tí kò lè pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lè ka ení, èjì dé ẹ̀wá. Ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé nínú orí yàtọ̀. Nítorí náà, a máa ń ní kí ará ilé aláìsàn wá ki oríkì rẹ̀. A ó gba ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà, a ó sì gé ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan kúrò. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, aláìsàn ni yóò parí rẹ̀. Èmi ni mo mú ọgbọ́n yìí wọ ẹ̀ka wa, kò sì sí ibi tí mi ò ti fi yangàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, Ìbùkúnolúwa tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà lọ pàdé àwọn àlejò ní títì. Mo mú Láwàl wọ yàrá ìgbọ́hùn. Fóòmù la fi bo ògiri yàrá yẹn. Bí a bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ọ̀kadà kì í dún mọ́, àdìyẹ kì í dún mọ́. Èèyàn á máa gbọ́ itọ́ tó ń gbé mì. Àwẹ̀ní jókòó ti ọkọ rẹ̀. Mo wo aago, mo tẹ fáìlì, mo sì yíjú sí ìwé mi.

Ohùn obìnrin ló jáde.

Ó yẹ kí n mọ̀. Àbúrò bàbá Láwàl ló ki oríkì tirẹ̀, arúgbó ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ti há. Etí mi gbọ́ pé obìnrin ni. Àlejò ló wà lọ́kàn mi.

"Àjàgbé, ọmọ arọkọ́ fún ọba…" Ẹ̀rọ dákẹ́.

"…má gbowó iṣẹ́," ni Láwàl wí.

Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Obìnrin inú ẹ̀rọ tún mú ìlà mìíràn. Láwàl parí ìyẹn náà, ketekete. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí ilẹ̀kùn yìí díẹ̀. Ooru ń mú mi."

Mo ṣí i. Àwẹ̀ní ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń wí pé, "Alihamudulilahi, Alihamudulilahi." Omi bọ́ lójú èmi náà. Láwàl wò ó títí. Ó rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, mà," ló wí. "Ta ni yín?"

Mo sáré sọ fún Àwẹ̀ní pé irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, pé orí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lè má tíì dá ojú mọ̀. Òótọ́ ni, ó wà nínú ìwé. Nígbà náà ni mo wá wo ojú kọ̀ǹpútà.

Kì í ṣe fáìlì Láwàl ni mo tẹ̀. Ti Ṣàngótóyè ni, ará Fìdítì kan tó máa ń tún ẹ̀rọ ata ṣe; obìnrin kan nílé wọn ló ki oríkì rẹ̀. Òun àti Láwàl jọ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lọ́sẹ̀ kan náà ni. Ṣàngótóyè ti kú. Ó ti pé oṣù méjì tí wọ́n ti sin ín. Mo wà níbẹ̀, mo jẹ ìrẹsì níbẹ̀.

Orí mi wú. Àwọn aṣàyẹ̀wò sì kan ilẹ̀kùn.

Mẹ́ta ni wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣáájú wọn bá ọkùnrin orí àga sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbogbo ìbéèrè ló dáhùn. Ó ṣàlàyé fún wọn ìdí tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ ata fi ń tètè já, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n kí i kú oríire, ó ní, "Ògo ni fún Olúwa. Halelúyà." Láwàl, tí í jókòó sí iwájú pátápátá ní mọ́ṣáláṣí ní gbogbo Jímọ̀. Àwẹ̀ní fi ìborùn bo ẹnu.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá, kí ni orúkọ yín?"

"Ṣàngótóyè."

"Láwàl ni wọ́n kọ síbí."

Wọ́n yíjú sí mi. Mo rẹ́rìn-ín. "Orúkọ ilé wọn nìyẹn, sà," ni mo wí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú kò tì mí títí wọ́n fi bá Ìbùkúnolúwa lọ wo yàrá ìkàwé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìtìjú tó dé.

Ó ku àwa mẹ́ta. Mo bi ọkùnrin náà pé níbo ni ilé rẹ̀ wà.

"Fìdítì. Jùmọ̀kẹ́ ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún un pé inú ìkòkò àgbo tó wà lẹ́yìn ilé ni mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí."

Ọlájùmọ̀kẹ́ ni ìyàwó tí Ṣàngótóyè fi sílẹ̀ lọ. Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pè é lórí fóònù. Mo díbọ́n bí ẹni tó kàn ń kí i. Mo bi í bóyá ó ti rí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀.

"Mo ti wá a, ó ti sú mi, mà."

Mo ní kó wo inú ìkòkò àgbo. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ tó ń lọ sẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ ìdérí ìkòkò. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ dún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dókítà," ló wí, "ta ló sọ fún yín?"

Kí n tó lanu, ọkùnrin inú yàrá sọ̀rọ̀ sókè lẹ́yìn mi. "Ṣé Jùmọ̀kẹ́ nìyẹn?"

"Mò ń bọ̀," ni Jùmọ̀kẹ́ wí.

Nígbà tí mo padà wọlé, Àwẹ̀ní ti nu ojú rẹ̀. "Dókítà, ta ni ẹ fi sínú ọkọ mi?"

Mo jẹ́wọ́ fún un. Oríkì ẹlòmíràn ni mo fi pè é, olóríkì sì ti kú. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo.

"Tèmi wá ńkọ́?" ló wí.

Mo tẹ fáìlì Láwàl gan-an. Arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ẹ̀rọ dákẹ́ ní ìparí ìlà kìíní, kò sẹ́ni tó parí rẹ̀. Ìlà kejì. Ìlà kẹta. Ọkùnrin náà ń fi sùúrù gbọ́ ọ, bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án.

"Ó ń gbọ́ yín o," ló wí.

"Ta ló ń gbọ́?"

"Ẹni tí ẹ ń pè. Ó jókòó síbí."

Ó nawọ́ sí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwẹ̀ní. Ọwọ́ ọ̀tún ló nà. Oṣù mọ́kànlá nìyẹn tí ọwọ́ náà kò gbéra nílẹ̀.

Mo fẹ́ sá, kí n má purọ́. Àwẹ̀ní kò sá. Ó ní kí n dá ohùn ẹ̀rọ dúró. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ èyí tó ṣófo, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀.

"Àdìsá," ló fi oríkì ọkọ rẹ̀ pè é. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Àdìsá, ọmọ atẹ́ní fún àlejò kó tó bi í léèrè orúkọ. Dìde, jẹ́ ká relé."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè é bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá náà, mímí wa nìkan ni mo ń gbọ́. Mo ka mímí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ọ̀tún já wálẹ̀ sórí itan. Ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bó ti máa ń wà tẹ́lẹ̀.

"Hẹn," ni Láwàl wí, ó sì fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

Ibẹ̀ ni Jùmọ̀kẹ́ bá wa. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu. Ó wo ọkùnrin tí kò mọ̀ rí lórí àga. "Níbo ló wà?" ló bi mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò ní ó dà bí irọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú Àwẹ̀ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yá mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ojú oorun ló kú sí. Kò bá mi sọ nǹkan kan kó tó lọ."

"Bí tèmi ò bá wá padà mọ́ ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí èmi ọ̀mọ̀wé. Mo ní mi ò mọ̀.

Láwàl jọ̀wọ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì sórí tábìlì. A rò pé omi ló fẹ́, Àwẹ̀ní sún kọ́ọ̀bù sí i. Ọwọ́ náà kọjá kọ́ọ̀bù. Akọ̀wé ni Láwàl, ìwé kíkà kò tíì kúrò lójú rẹ̀. Ó wo orúkọ méjèèjì tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ ti Ṣàngótóyè fúnra rẹ̀.

Ohùn obìnrin tún jáde. Àwẹ̀ní dìde, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Mo dúró tì í. A ò gbọ́ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ nínú yàrá, mi ò sì bèèrè. Nígbà tí ìṣẹ́jú márùn-ún pé, Jùmọ̀kẹ́ jáde fúnra rẹ̀, Àwẹ̀ní sì wọlé lọ pe ọkọ rẹ̀.

Wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀ka wa fún ọdún márùn-ún. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé kí àwọn yunifásítì mìíràn wá kọ́ ọgbọ́n wa. Mi ò tíì lè ka ìròyìn náà tán.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Jùmọ̀kẹ́ ń wá. Mo ti sọ fún Àwẹ̀ní pé a lè pa fáìlì yẹn rẹ́. Ó kọ̀. Ó ní ọwọ́ ọkọ òun ló ń tẹ̀ ẹ́, pé nǹkan kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù tó ń dá ṣe nìyẹn, òun ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, kí Àwẹ̀ní tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ṣàngótóyè pè é padà. Ó ní ẹni tó wà lórí àga tó ṣófo ní kí òun bá a pe orúkọ kan. Àwẹ̀ní bẹ̀ ẹ́ pé kó má pè é.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àwẹ̀ní pe Láwàl kó tó dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ogójì ìṣẹ́jú ni. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń há.

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀la.