Dókítà Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

"Ayédèrú lo tà fún mi! Ayédèrú pọ́ńbélé! Jáde níbi tó o sá sí!"

Obìnrin tí wọ́n ń bú kò sá síbì kankan. Abẹ́ ọkọ̀ ló wà, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ó parí nọ́ọ̀tì tó ń dè, ó nu ọwọ́, kó tó fa ara rẹ̀ jáde. Ọkùnrin gíga kan, awakọ̀ eré-ìje, ló kọ́kọ́ rí, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí gírísì ti ba ọrùn rẹ̀ jẹ́, ó na rọ́bà yíya kan síwájú bí ẹni tó mú olè. Inú ń bí i débi pé etí rẹ̀ méjèèjì ń mì. Ẹ̀rín fẹ́ pa obìnrin náà. Ó tún wù ú kó wo etí yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Dókítà Ẹsẹ̀ làwọn oníbàárà ń pè é, torí kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń tọ́jú: sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, àwọn apá irin tó so táyà mọ́ ṣáàsí, àti búṣì, ìyẹn rọ́bà kékeré tó máa ń wà ní oríkèé àwọn apá náà. Awakọ̀ eré-ìje tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ òun gbá ilẹ̀ mú ní kọ́ọ̀nà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Bàbá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù, bàbá náà ló sì kọ́ ọ níṣẹ́.

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ti ya!" ni awakọ̀ náà ń pariwo. "Ọkọ̀ mi ń dún bíi bẹ́ẹ̀dì àlòkù!"

"Ẹ kú ìrìn, sà. Ta ló bá yín dè é?"

"Èmi fúnra mi."

"Ilẹ̀ ni ọkọ̀ wà nígbà tẹ́ ẹ fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa, àbí orí jáàkì?"

"Orí jáàkì ni. Kí n wá gbé e pọ̀n ni?"

Obìnrin náà fa àkísà kan yọ lápò, ó di etí àkísà náà kan mú, ó lọ́ èkejì. "Tí ọkọ̀ bá wà lókè, apá rẹ̀ máa ń rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ wá so rọ́bà pa síbẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, apá gbéra, rọ́bà lọ́ báyìí. Tọ̀sán-tòru ló fi wà ní lílọ́, gbogbo kòtò ojú títì tún ń lọ́ ọ kún un. Ó yẹ kẹ́ ẹ fi nọ́ọ̀tì sílẹ̀ ní dídẹ̀ títí táyà á fi tẹlẹ̀ tí ẹrù ọkọ̀ á fi wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tó dè é pa. Rọ́bà kì í ṣe ayédèrú, sà. Ẹ̀yin lẹ fìyà jẹ ẹ́."

Awakọ̀ wo àkísà. Ó wo rọ́bà. Ó wá wo obìnrin náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí jẹ́jẹ́. Ẹni tó ń pariwo "o" láti ojú títì ti bọ́ sí "ẹ".

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dé. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, ó dé. Obìnrin náà ti sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Afẹ́fẹ́, torí eré tó ń sá.

"Ọ̀gbẹ́ni Afẹ́fẹ́, kí ló tún bàjẹ́?"

"Kò sí o. Ọkọ̀ ló ní òun fẹ́ rí dókítà."

"Ọkọ̀ nìkan?"

"Awakọ̀ rẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ sùn."

Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ṣe. Wọ́n pààrọ̀ sípíríǹgì sí èyí tó le, wọ́n fi irin mú ṣáàsí le níbi tó ti ń yẹ̀. Awakọ̀ á di tọ́ọ̀ṣì mú, obìnrin náà á máa fi tépù wọn gíga táyà kọ̀ọ̀kan, á ní, "Tọ́ọ̀ṣì, jọ̀ọ́, kì í ṣe ojú mi ni mo ní kó o tàn án sí." Ẹ rí i? "Ẹ" ti di "o", kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó yí padà.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, wọ́n jọ gùn ún lọ sí pápá ìdíje. Ọkọ̀ náà wọ kọ́ọ̀nà tó le jù lọ léré, kò tẹ̀, kò yọ̀. Awakọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Olólùfẹ́ mi, ṣé o máa fẹ́ mi?"

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo fẹ́. Ṣùgbọ́n má tíì dè é pa. Ẹrù kan ṣì ń bọ̀ lórí wa."

Bàbá rẹ̀ ni ẹrù náà. Òun náà ti fi ọkọ̀ sáré ìje rí nígbà èwe, oríkèé kan já lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní kọ́ọ̀nà, látìgbà náà ló ti ń tiro. Nígbà tí awakọ̀ wọ pálọ̀, tó kí i, tó tún un kí, bàbá kò dáhùn. Àwọn bàbá kan wà bẹ́ẹ̀: ìbẹ̀rù ló ń bá wọn jà, wọn á ní ọgbọ́n ni.

"O fẹ́ ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ níbí. Má sáré mọ́ láé. Ọkọ̀ yẹn máa pa ọ́, mi ò ní sin ọmọ mi lọ sílé opó."

Awakọ̀ wo obìnrin tó fẹ́ràn. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó rọra gbé e sórí tábìlì.

"Mo gbà, sà."

Ó yẹ kí inú obìnrin náà dùn. Ọkùnrin wo ló ń fi ohun tó fẹ́ràn jù sílẹ̀ báyẹn? Àmọ́ nǹkan kan gbóná láyà rẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀tì kan lábẹ́ ọkọ̀ yẹn tí kò mọ̀ bó ṣe mọ eyín ara rẹ̀.

"Bàbá, kí ló máa já lára rẹ̀?"

"Oríkèé. Apá. Ohunkóhun. Tèmi já."

"Ta ló de tiyín?"

Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Èmi fúnra mi."

"Ta ló de tirẹ̀?"

Bàbá gbójú sókè wò ó. "Ìwọ ni."

Obìnrin náà mú kọ́kọ́rọ́ kúrò lórí tábìlì, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ awakọ̀, ó pa ìka rẹ̀ dé lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí bàbá rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́, Bàbá. Tẹ́ ò bá kọ́ mi dáadáa, ẹ wí. Tẹ́ ẹ bá kọ́ mi dáadáa, ẹ kí ọkọ mi káàbọ̀."