Ojú Ta Ni Kí N Da Ásíìdì Sí?

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, ta ni o dì sínú? Jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún ọ, bóyá wàá bá ara rẹ pàdé níbẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣájì bátìrì ọkọ̀. Ẹ̀san-ò-gbó ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́, bó pẹ́ bó yá, yóò rí pupa ojú rẹ̀. Ó sì ń fi orúkọ náà yangàn.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú, oníkẹ́míìsì àdúgbò ní eyín ni, ó ń kó oògùn eyín fún un. Oògùn ń wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń wú sí i. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, dókítà ní jẹjẹrẹ ni, pé ó yẹ kí wọ́n ti mú un wá tipẹ́.

"Tipẹ́" yẹn nìkan ni bàbá rẹ̀ gbọ́. Kò fetí sí èyí tí dókítà sọ tẹ̀ lé e, pé irú jẹjẹrẹ yìí ń gbọ́ oògùn, bí wọn ò bá ti pa ọjọ́ abẹ́rẹ́ kankan jẹ.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà fà lóòótọ́. Ẹ̀san-ò-gbó wo ọmọ, ó ní, "Tìẹ ti yanjú. Ó ku ti oníkẹ́míìsì." Ó gbé e lọ sílé. Ó bu ásíìdì bátìrì sínú kẹ́ẹ̀gì, ó gbé e sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ń wá ọkùnrin náà kiri, torí oníkẹ́míìsì ti gbọ́, ó ti sá kúrò nílùú.

Aránṣọ kan wà tí ọmọ tirẹ̀ kú ní wọ́ọ̀dù tí ọmọ yìí ti gba abẹ́rẹ́, tó ṣì máa ń wá bá àwọn òbí tó kù pọnmi. Ó wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ ti kọjá o."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ẹni tó ṣe é."

"Jésù nìkan ló lè gba ìbínú yẹn lọ́wọ́ yín. Èmi náà bínú rí."

"Máa lọ ránṣọ rẹ. Bí Jésù rẹ bá bá mi rí oníkẹ́míìsì, màá tẹ̀ lé ọ dé ṣọ́ọ̀ṣì."

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ míì tún kọjá.

Nígbà tó yá, ó rí ọkùnrin náà níwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nílùú kejì. Ó ti na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tún ti wú, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ti gbé e padà dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì ń bi mí pé ta ló dá wa dúró. Kí ni kí n sọ?"

Oníkẹ́míìsì dá ọmọ náà dúró nítorí kò mọ̀. Òun tó jẹ́ bàbá mọ̀, ó sì dá a dúró. Bí ásíìdì bá tọ́ sí ojú ẹni tí kò mọ̀, ṣé kò tọ́ sí ojú ẹni tó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ojú ta wá ni kí òun da á sí? Ó gbójú sókè, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí ọkọ̀. Ó sunkún bí ọmọdé.

Ọsibítù ló wa ọkọ̀ gbà. Aránṣọ ló kọ́kọ́ rí.

"O ní ìwọ náà bínú rí. Ta lo bínú sí?"

"Ọlọ́run ni, ẹ̀gbọ́n. Mo bú u títí ó fi rẹ̀ mí. Kò gbẹ̀san lára mi."

Ẹ̀san-ò-gbó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn ọmọ rẹ̀. "Jésù Olúwa, èmi ni mo jẹ̀bi. Má gbẹ̀san rẹ̀ lára ọmọ mi. Gbà mí."

Ọmọ náà ṣì ń gba abẹ́rẹ́. Dókítà kò tíì ní ó ti tán, èmi náà ò sì ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò pa ọjọ́ kankan jẹ mọ́. Ó da ásíìdì yẹn sínú bátìrì oníbàárà, ọkọ̀ sì ṣiṣẹ́. Ó ránṣẹ́ sí oníkẹ́míìsì pé kó máa bọ̀ nílé, àmọ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni bá tún wú, kó darí wọn sí ọsibítù.

Ìwọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọ́n ṣe ọ́ níbi. Ṣùgbọ́n bí o ti ń ṣọ́ ọ̀tá rẹ, ọkàn tìrẹ ló ń kú lọ nílé. Jésù ti gba ìyà tó tọ́ sí ọ sára. Gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ wá fún un lónìí. Ọ̀tá rẹ lè dúró di ọ̀la. Àìsàn ọkàn rẹ kò ní dúró.