Ẹni Tó Ń Rìn Nínú Máàpù

Ẹni tó bá rò pé àròsọ ni, kó bèèrè ilé Alhaji Sàkàrìyáù ní Ẹgbẹ́dá. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tọ́rọ̀ náà ṣojú wọn ṣì wà láàyè. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí, kò sí àbùmọ́ níbẹ̀.

Tinúọlá ló ń gbé òkè ilé náà. Opó ni, olùkọ́ sì ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Iyìolúwa, tó ń kàwé ní Trondheim, lọ́hùn-ún ní Nọ́wè. Nígbà tí ọjọ́ ìbí ìyá kù díẹ̀, ọmọ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́. Máàpù àtijọ́ kan ni: Nọ́wè, Swídìn àti Dẹ́ńmáàkì. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Bébà rẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì. Ẹja ńlá ń tu omi lójú òkun rẹ̀, igi wínníwínní sì bo orí òkè.

"Mọ́mì, àwọn ará Amsterdam ló ṣe é," Iyìolúwa wí lórí fóònù. "Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n fi fín in sára bàbà. Bí ìgbà téèyàn ń wo lẹ́tà nínú dígí ni wọ́n ṣe fín in, kí wọ́n tó fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹni tó sì fín in ò débẹ̀ rí o. Ẹnu àwọn atukọ̀ ló ti gbọ́ gbogbo ẹ̀."

"Ibi tí wọn ò sọ fún un ńkọ́?"

"Á ya igi síbẹ̀ ni." Ó rẹ́rìn-ín.

Tinúọlá fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ. Kò tíì sí ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Ìgbà yẹn ló gbọ́ ọ.

Kẹ̀rẹ̀. Kẹ̀rẹ̀. Kẹ̀rẹ̀.

Ó dà bíi pé ẹnì kan ń fi ìṣó ha ìdí ìkòkò. Ó rò pé eku ni. Ó sún mọ́ ògiri. Ìró náà dákẹ́.

Ó tan iná fóònù sí máàpù náà. Lókè pátápátá, láàárín igi, níbi tí kò sí ìlú kankan, ẹnì kan dúró. Kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Ẹ̀wù gígùn ló wọ̀. Kò ní ojú.

Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tinúọlá mọ̀. Òun ló ń nu gíláàsì yẹn.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìró náà tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni náà ti jáde kúrò nínú igbó. Ó ti ré odò kan kọjá. Ipa ẹsẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, bíńtín-bíńtín. Trondheim ló kọjú sí.

Ó sáré lọ pe Alhaji, onílé rẹ̀. Bàbá wọ awò ojú, wọ́n wò ó títí.

"Ìyá Iyì, ta ló ya eléyìí?"

"Alhaji, ẹ wò ó dáadáa, abẹ́ gíláàsì ló wà."

Bàbá rọra fà sẹ́yìn. "Aúsù bílláhì. Ọmọ ẹ ńkọ́?"

Nígbà tí bàbá lọ tán, Tinúọlá tú máàpù náà sílẹ̀, ó mú abẹ. Á ha ẹni náà kúrò, ó parí. Abẹ kan bébà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Bó bá jẹ́ ohun tó ń dọdẹ ọmọ òun ni ńkọ́? Bó bá sì jẹ́ ọmọ òun gan-an ni?

Abẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá máàpù padà sábẹ́ gíláàsì, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri, ó pe Trondheim.

"Iyì, máa bọ̀ nílé."

"Mọ́mì, ìdánwò ń bọ̀ o."

"Mo fi ọmú tó o mu bẹ̀ ẹ́. Máa bọ̀."

Ọmọ sì dé. Ó rù díẹ̀. Ìyá dì mọ́ ọn, ó fọwọ́ pa á lórí, ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ gan-an ni. Ó jẹ ẹ̀wà àti dòdò, ó tún bù sí i. Ọkàn ìyá balẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Iyìolúwa ń fọ abọ́ ní kíṣìnì, ó ń súfèé. Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀. Lójú ọ̀sán gangan. Ìró máàpù náà yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó sì dákẹ́ lójijì.

Tinúọlá yí máàpù náà padà. Ẹni yẹn kò sí mọ́. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ Trondheim, ó parí síbẹ̀.

Fóònù dún. Adéolú ni, ọ̀rẹ́ tó ń bá Iyìolúwa gbé yàrá lọ́hùn-ún.

"Ẹ kú ọ̀sán mà. Mo rò pé Iyì ti dé ọ̀dọ̀ yín ni."

"Ó ti dé."

Ohùn Adéolú lọ sílẹ̀.

"Mà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé síbí báyìí ni. Yìnyín bò ó látòkè délẹ̀. Ó ń sunkún. Ó ní kí n sọ fún yín kẹ́ ẹ jáde nínú ilé."

Súfèé dákẹ́ ní kíṣìnì.

Tinúọlá kò sá. Ó ní kí Adéolú gbé fóònù fún ẹni tó wọlé. Ó bi í ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ fi ń pè é nígbà tó wà ní kékeré. Ẹni orí fóònù dáhùn. Tinúọlá wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, níbi tí ọmọ rẹ̀ dúró sí, tí omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi òun náà. Òun náà dáhùn. Orúkọ kan náà ni.

Ọ̀kan ṣì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá. Ọ̀kan ṣì ń pè é láti Trondheim. Àwọn méjèèjì ni Tinúọlá ń gbàdúrà fún, nítorí kò mọ èyí tí òun bí.